Ilé Wo ni Ummu Fẹ́?

Bí ẹ bá tẹ̀ lé Alhaja Kúbúrátù lọ wo ilé, tí ẹ sì bá ẹlòmíràn níbẹ̀ tó ń wo ilé kan náà, ẹ má ṣe rò pé ó ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Éjẹ́ǹtì ilé ni Alhaja ní Agric, Ìkòròdú, ọgbọ́n tirẹ̀ sì ni pé kì í pe oníbàárà kan ṣoṣo. Méjì ló máa ń pè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ojú lè kán wọn, kí kálukú máa rò pé èkejì fẹ́ já ilé gbà mọ́ òun lọ́wọ́. Ilé tó ti tà báyìí kò lóǹkà. Àmọ́ lọ́jọ́ tó pe Ummusalamah àti Láńre sí fúláàtì kan náà, kò rí ilé tà. Ohun mìíràn ló rí.

Nọ́ọ̀sì ni Ummusalamah, Ummu ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Agric. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Kánádà ló ní kó bá òun wo ilé tí òun lè rà. Láńre ní tirẹ̀, ọmọ Ìkòròdú pọ́ńbélé ni, ọmọ ilé Sànní. Ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ní Èkó ló ń bá ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀sì àárọ̀ ló ń gbé e lọ, ti ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé e bọ̀, ó sì ti pinnu pé òun kò ní darúgbó sínú ilé háyà.

Nígbà tí Ummu wọ pálọ̀ fúláàtì náà, ó bá ọkùnrin gíga kan tó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí táìlì, tó ń fi ìka kan ilẹ̀ kó-kó-kó.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Ummu wí. "Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín?"

Láńre fò dìde. "Kò sí o. Táìlì ni mò ń gbọ́. Èyí tí kò bá fara mọ́ sìmẹ́ńtì dáadáa máa ń dún bí agolo òfìfo."

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ rà á?"

"Bí mo bá rà á ńkọ́?"

"Ẹ má rà á."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí ẹ̀yin lè rà á?"

"Èmi náà kò ní rà á. Ẹ wá wo ilé ìdáná."

Ó mú un lọ síbẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ náà húkọ́, ó tu omi pupa díẹ̀, ó dákẹ́. Láńre nàka sókè àjà, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀dà funfun bo àpá ibi tí òjò ti ń jò. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ẹ̀rín pa wọ́n. Ẹ̀rín náà ni Alhaja Kúbúrátù bá lẹ́nu wọn nígbà tó wọlé, tó ń béèrè pé, "Ta ló ti gbà á nínú yín?"

"Kò sẹ́ni tó gbà á, Alhaja," ni wọ́n dáhùn pọ̀.

Láńre gba nọ́ńbà Ummu kó tó lọ. Ó ní bí òun bá rí ilé tó dára, òun á pè é kó lè sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ gbọ́ irọ́. Ta ló ń wá ilé fún ara rẹ̀ tó tún ń bá ẹlòmíràn wá a? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló pè, kò sì dárúkọ ilé kankan.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé pọ̀ nìyẹn. Wọ́n wo ti Agric, wọ́n wo ti ọ̀nà Imota, wọ́n wo ọ̀kan tí ọ̀nà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ débi pé bàtà Láńre kan há sínú rẹ̀, a kò sì rí i mọ́ títí di òní. Ẹ̀gbọ́n Ummu yí ọkàn padà ní Kánádà, ó ní òun kò ra ilé mọ́. Ummu kò dẹ́kun ilé wíwò.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ni Alhaja Kúbúrátù wí lọ́jọ́ kan, "ṣé ilé lẹ ń wò ni àbí ojú ara yín?"

Ummu fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu. Òótọ́ ni. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, ọkàn rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì, kì í sì í ṣe nítorí ilé.

*

Nígbà tí ọdún yí po, Láńre kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ mọ àwọn ará ilé Ummu ní Ẹ̀pẹ́. Alhaji Láwàl, bàbá Ummu, tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi, gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n jẹ ẹja, wọ́n yó. Wọ́n ṣe àdúrà. Nígbà tó wá ku kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò so yìgì, Alhaji na ọwọ́ sókè.

"Ọmọ yín wù mí," ló wí fún ìyá Láńre, Alhaja Ṣẹ̀rífátù. "Ẹ̀yin náà wù mí. Ṣùgbọ́n n kò ní dá ọjọ́ kankan títí n ó fi rí ilé tí ọmọ mi máa gbé. Ilé tó jẹ́ tiwọn, tí onílé kankan kò ní lè lé wọn jáde. Kó sì jẹ́ tuntun. N kò fẹ́ ilé ògbólógbòó."

Ummu mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nígbà tó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ilé àtijọ́ kan tó ń jò ni wọ́n háyà ní Ìkòròdú. Bàbá rẹ̀ ní kí onílé tún òrùlé ṣe, onílé kó ẹrù wọn síta nínú òjò. Ìyá rẹ̀ ti di olóògbé báyìí, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò gbàgbé bí obìnrin náà ṣe dúró lábẹ́ òjò tó ń fi ara bo ọmọ.

Ìyá Láńre kò sọ nǹkan kan ní Ẹ̀pẹ́, obìnrin tó mọ àwùjọ ni. Inú ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò tíì dé Ìtóìkín.

"Tuntun kẹ̀? Àwọn ilé gogoro tí wọ́n ń kọ́ káàkiri yìí? Láńre, níbo ni n ó ti wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó?"

"Màámi, ẹ lè wẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà fúláàtì."

"Lókè? Kí omi ẹsẹ̀ ìyàwó máa ṣàn lọ bá àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀? Kò sí ìyàwó ilé Sànní kankan tó wọlé ọkọ rẹ̀ láì jẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí omi náà sì kán sórí ilẹ̀. Wọ́n wẹ tèmi. Wọ́n wẹ ti ìyá bàbá rẹ. Ilé tó ti rí òjò, tó ti rí ọyẹ́, tí kò sì wó, òun ni mo fẹ́. Tuntun wọ̀nyí, àná ni wọ́n kọ́ ọ, ta ló mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì rẹ̀?"

Láńre tẹjú mọ́ ojú ọ̀nà. Ọmọ tó fẹ́ kí gbogbo èèyàn máa rẹ́rìn-ín sí òun ni, ó sì ti rí i pé ẹ̀rín ẹnì kan máa dínkù lọ́dọ̀ òun.

*

Ilé méjì ni Alhaja Kúbúrátù rí fún wọn. Èkíní wà lẹ́yìn Agric, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀ ni. Alájà márùn-ún ni, ó funfun báláú, lífítì wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ńlá kan wà fún gbogbo ilé, òórùn ọ̀dà ṣì wà lára ògiri. Ummu rìn láti yàrá dé yàrá, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ṣí ẹ̀rọ, omi tú jáde, ó mọ́ gaara. Àmọ́ nígbà tó fara ti ògiri, ó ń gbọ́ ohùn Láńre láti yàrá kejì ketekete, àfi bí ẹni pé wọ́n fi bébà pààlà.

"Ta ló ń gbé níbí?" ló béèrè lọ́wọ́ Alhaja.

"Kò tíì sẹ́ni tó kó dé. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ àkọ́kọ́."

"Ta wá ni mo lè bi bóyá òjò máa ń wọlé?"

"Bi èmi," ni Alhaja wí. Ummu kò bi í.

Èkejì wà lọ́nà Imota. Alájà mẹ́ta ni, wọ́n ti kọ́ ọ kí wọ́n tó bí Láńre. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti jẹ àárín àtẹ̀gùn rẹ̀, páìpù irin rẹ̀ ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n yàrá rẹ̀ fẹ̀, ògiri rẹ̀ nípọn, èèyàn sì wà níbẹ̀. Fúláàtì méjì ni wọ́n ń tà nínú rẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè pátápátá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ameerah, tó ń gbé ní àárín, ń sá aṣọ nígbà tí wọ́n dé. Ummu kò tíì béèrè nǹkan kan tí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Sìstá, ẹ fẹ́ kó wá? Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀rọ tó ń fa omi wa máa ń bàjẹ́, a jọ máa ń tún un ṣe ni. Ti ìsàlẹ̀ yẹn, bí òjò ńlá bá rọ̀, omi máa ń dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, nígbà mìíràn ó máa ń wọlé. Òkè ti jò rí, a ti pààrọ̀ páànù. Ọ̀gbẹ́ni tó wà lápá òsì máa ń pariwo bí wọ́n bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi mí ní ohunkóhun."

Alhaja Kúbúrátù ń ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́, kò dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, Ummu àti Láńre jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ra nǹkan tútù. Ummu ti mọ èyí tó fẹ́. Ó la ẹnu.

"Láńre, ní tèmi o..."

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu," ni Láńre wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Má tilẹ̀ ronú rárá. Fi í sílẹ̀ fún mi, mo mọ bí n ó ṣe ṣe é."

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, kò sí àní-àní. Ó rò pé ẹrù ni òun ń sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ummu pa ẹnu dé, ó mu ohun tó ń mu, kò mọ adùn rẹ̀ mọ́. Ṣé kí n tún sọ ọ́ ni? ló ń rò. Àbí báyìí la ó ṣe máa ṣe é títí ayé, kí n máa la ẹnu, kó máa bá mi pa á dé? Ó tún rò ó pé bóyá òun ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà débi pé ó ń bẹ̀rù láti bá a jà.

*

Ohun tí Láńre ṣe rèé. Nígbà tí Alhaji Láwàl pè é lórí fóònù pé ilé dà, ó ní, "A ti mú ti tuntun, tó wà lẹ́yìn Agric, sà." Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í, ó ní, "A ti mú ti àtijọ́ tó wà lọ́nà Imota, Màámi, ti ìsàlẹ̀." Kò tíì mú ìkankan. Ó ń retí kí ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà rọ̀, kó lè mọ èyí tó máa rà. Ó gbàgbé irú èèyàn tí àwọn méjèèjì jẹ́.

Ní Sátidé kan, Ummu wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń wé ọgbẹ́ ẹsẹ̀ bàbá arúgbó kan, fóònù rẹ̀ dún.

"Ummu," ni bàbá rẹ̀ wí, "mo wà níwájú ilé yín tuntun lẹ́yìn Agric. Máígádì ní òun kò mọ̀ yín rí. Mo ní ọmọ mi ló nilé, ó ní kò tíì sẹ́ni tó ra nǹkan kan. Ṣé kí n gbá a létí ni?"

"Bàbá, ẹ má gbá ẹnikẹ́ni létí! Ilé wo?"

Kò tíì gbọ́ èsì tí ìpè mìíràn fi wọlé. Alhaja Ṣẹ̀rífátù ni.

"Ìyàwó mi, mo wà lọ́nà Imota, mo gbé abọ́ dání. Mo fẹ́ wo ibi tí n ó gbé e kalẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀hún. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ameerah ní ẹ kò tíì ra ti ìsàlẹ̀. Ó tún ní kí n má ṣe jẹ́ kí ẹ rà á, pé omi máa ń wọ̀ ọ́. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

Ummu jókòó. Gbogbo èèyàn ló mọ ilé tí Ummu ń lọ gbé, Ummu fúnra rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Arúgbó náà tẹjú mọ́ ọn. "Nọ́ọ̀sì," ló wí, "ṣé ọgbẹ́ mi ti le tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Láńre sáré dé ilé ìwòsàn, òógùn bò ó.

"N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú ni, Ummu. Mo fẹ́ kí inú gbogbo wọn dùn."

"Mo gbọ́. O fún bàbá mi ní tuntun, o fún màmá ẹ ní àtijọ́. Èmi ńkọ́? Kí lo fún èmi?"

Láńre ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ́ mi kí n máa wo òkè àjà," ni Ummu wí. "Ìwọ náà lo wá fi ọ̀dà funfun bo ibi tó ń jò. N kò lè kó wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀, Láńre."

Ó bọ́ sínú ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, ó sì sunkún títí wọ́n fi kọjá Ìtóìkín. Awakọ̀ pa rédíò, ó ní kí sìstá máa sunkún lọ, pé kò sí wàhálà.

*

Láńre ń pè, Ummu kò gbé fóònù. Nígbà tó rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn, ó lọ bẹ Alhaja Kúbúrátù, tí kò tíì rí ilé kan ṣoṣo tà fún wọn láti ọjọ́ yìí wá. Alhaja kígbe lé e lórí dáadáa, ó wá wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó bá Ummu lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń họ ìpẹ́ ẹja.

"Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ ni mo bá wá."

"N kò lọ́kọ, Alhaja."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ Láńre ni mo bá wá. Ó ní àbùkù, mo mọ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo èèyàn máa yin òun, ó sì máa ń purọ́ bí ojú bá ń tì í. Ṣùgbọ́n mo ti ta ilé tó burú ju Láńre lọ, wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀ tayọ̀tayọ̀."

Ummu kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu, ìpẹ́ ẹja sì fò mọ́ Alhaja nímú.

"Bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ nìkan ló fẹ́ wá bẹ̀, ẹ ní kó jókòó sílé," ló wí nígbà tí ẹ̀rín náà tán. "Ẹ ní kó lọ ro ohun tó ṣe dáadáa kó tó wá."

Lọ́jọ́ Àìkú, Láńre dé. Kò mú ẹbí, kò mú ọ̀rẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alhaji Láwàl, kò sì dìde.

"Irọ́ ni mo pa fún yín, sà. Mo pa á fún ìyá mi náà. N kò tíì ra ilé kankan."

"Mo ti mọ̀," ni Alhaji wí, ojú rẹ̀ le. "Máígádì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti géètì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ilé wo lo wá fẹ́ rà?"

"N kò mọ̀, sà."

"O kò mọ̀? O gbéra láti Ìkòròdú wá sọ fún mi pé o kò mọ̀?"

"Ẹni tí a jọ máa gbé inú rẹ̀, n kò tíì bi í, sà. Mo bi yín. Mo bi ìyá mi. Mo bi éjẹ́ǹtì. Mo tilẹ̀ bi àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Òun nìkan ni n kò bi, nígbà tó sì fẹ́ sọ ọ́ fúnra rẹ̀, mo ní kó má ronú." Ó gbé orí sókè díẹ̀, ó wo Ummu tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ummu, ilé wo lo fẹ́?"

Alhaji Láwàl la ẹnu bí ẹni fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ dáhùn, ó rí ojú Ummu, ó pa á dé. Òun náà kò bi í rí.

Láti ọjọ́ yìí ni Ummu ti ń bínú pé wọn kò béèrè. Wọ́n ti wá béèrè, ẹ̀rù sì bà á, nítorí pé ohun tó fẹ́ sọ máa dun bàbá rẹ̀.

"Ti àtijọ́ ni mo fẹ́," ló wí. Bàbá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ti òkè, kì í ṣe ti ìsàlẹ̀. Bàbá, ẹ má bínú. Ti tuntun yẹn rẹwà, ó wù mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo dúró nínú rẹ̀, n kò rí ẹni tí mo lè bi léèrè nǹkan. Ní ti àtijọ́ yẹn, n kò tíì la ẹnu tí wọ́n ti ka gbogbo àrùn ilé náà fún mi. Mo mọ ohun tó ń ṣe é, mo sì mọ àwọn tí a ó jọ máa tún un ṣe. Ilé tí ẹ kúrò níbẹ̀ nínú òjò, Bàbá, gbígbó rẹ̀ kọ́ ló lé yín jáde. Onílé ni. Èyí, àwa la máa nilé."

Alhaji Láwàl nu ojú rẹ̀, ó ní eruku ni.

"Ohùn ìyá rẹ lo fi bá mi sọ̀rọ̀ yẹn," ló wí. Ó wá wo Láńre. "Ìwọ, dìde, o ti ń fi àyà nu ilẹ̀ fún mi. Èmi fúnra mi ni n ó gun òrùlé náà. Bí mo bá rí ihò kan ṣoṣo níbẹ̀, kò sí yìgì."

Ó gùn ún lóòótọ́. Ó tẹ gbogbo páànù rẹ̀ wò bó ṣe máa ń tẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tuntun wò kí wọ́n tó tì í sínú omi, Ameerah sì ń bá a di àkàbà mú, ó ń sọ ìtàn páànù kọ̀ọ̀kan fún un. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó dá ọjọ́.

*

Alhaja Ṣẹ̀rífátù nìkan ló kù. Nígbà tó gbọ́ pé òkè ni, ó kọ́kọ́ bú Láńre, ó bú éjẹ́ǹtì, ó bú ẹni tó kọ́kọ́ ronú pé kí èèyàn máa gbé lórí ara wọn. Títí di ọjọ́ ìgbéyàwó ló fi ń kùn. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti so yìgì ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n sì ti mú ìyàwó dé, òun fúnra rẹ̀ ló gbé abọ́ gun àtẹ̀gùn náà. Ó ń sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan, Ameerah ń gbé omi tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó ní bí òun bá wẹ ẹsẹ̀ náà tán, wọn yóò gbé omi rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ dà sórí ilẹ̀. Àwọn obìnrin ilé Sànní kún àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Wọ́n gbé abọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ummu bọ́ bàtà. Láńre dúró nínú ilé, ó ń wò wọ́n. Alhaja Ṣẹ̀rífátù kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó bu omi sọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló dáwọ́ dúró, ó gbójú sókè wo ọmọbìnrin náà.

"Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń bi èèyàn léèrè nínú ilé yìí kí wọ́n tó ṣe nǹkan fún un," ló wí. "Ó dáa. Ìyàwó mi, ẹsẹ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ wẹ̀?"

Ẹ̀rín sọ lórí àtẹ̀gùn. Ta ni kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ń kọ́kọ́ wẹ̀? "Ọ̀tún ni o!" ni obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Kí lẹ tún ń béèrè fún?"

"Ìwọ kọ́ ni mo bi," ni Alhaja Ṣẹ̀rífátù dá a lóhùn, kò sì gbé ojú kúrò lára Ummu.

Omi lé sí Ummu lójú. Gbogbo ìyàwó tí wọ́n ti wẹ ẹsẹ̀ wọn nínú ẹbí yìí, kò sí ọ̀kan tí wọ́n bi rí. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó fara balẹ̀ rò ó.

"Ti òsì, mà."

Ariwo gba gbogbo ilé. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń sọ pé a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀, ọ̀gbẹ́ni apá òsì sì ṣílẹ̀kùn láti wò ó bóyá wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Alhaja Ṣẹ̀rífátù wo ìyàwó rẹ̀ títí, ó mi orí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi náà ni mo béèrè," ló wí. Ó fa ẹsẹ̀ òsì Ummu sínú abọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́.